Ìbọn Kẹta Tí Kò Sí Lẹ́yìn Ọkọ̀

Nígbàkigbà tí ọ̀dọ́ kan bá dá mi dúró ní òpópónà Rye Lane ní London, tó sì bi mí pé, "Uncle, iṣẹ́ wo gan-an lẹ ṣe kẹ́ ẹ tó retire?", òtítọ́ ni mo máa ń sọ: ọkọ̀ ogun ni mo fi ogójì ọdún ó lé díẹ̀ kàn. Wọ́n á wo ọwọ́ mi, wọ́n á wo gíga mi, wọ́n á sì rín ẹ̀rín ìbọ̀wọ̀ fágbà. N kì í bínú. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà tó gùn ju apá mi lọ, inú àpótí díńgí sì ni ibùgbé gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń rò ó lọ́wọ́lọ́wọ́ pé iṣẹ́ wo ni kí ẹ gbé lé ọwọ́, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn tèmi. N kò sọ pé kí ẹ ṣe é. Ohun tó jọ mí lójú nínú rẹ̀, tó sì ń jọ mí lójú títí di òní, ni mo fẹ́ tẹ́ síwájú yín.

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí, létí ọ̀sà, níbi tí ọmọdé ti ń mọ ọkọ̀ wà kó tó mọ ìwé kà. Ẹ̀kọ́ yíya àwòrán ilé ni mo bá wá sí London. Ìwé pélébé kan tí mo rí lára fèrèsé ṣọ́ọ̀bù ní Peckham, pé wọ́n ń wá ẹni tó lè ka pláànù tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n, ló yí mi lọ́nà padà. Ọ̀rọ̀ ìgbanisíṣẹ́ kò gùn, owó tí wọ́n ń san kò sì pọ̀. Ó tó jẹun, ó tó gbalé, ó parí síbẹ̀.

Ọ̀gá mi ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Tọ́nà, òyìnbó pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí irun imú rẹ̀ pọ̀ ju ti orí lọ. Abẹ́ afárá ojú irin ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá lókè wa, gbogbo wa a gbé ọwọ́ kúrò lára iṣẹ́, a ó dúró títí ilé yóò fi dẹ́kun gbígbọ̀n, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ iye ọkọ̀ ojú irin tó ń gba Peckham kọjá lóòjọ́ ni yóò mọ irú sùúrù tí iṣẹ́ náà ń bèèrè. Iṣẹ́ wa ni láti mú ọkọ̀ gidi, ọkọ̀ irin tó ti rì tàbí tí wọ́n ti fọ́ tà, kí a sì tún un ṣe ní kékeré fún àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti àwọn ìdílé atukọ̀, débi pé ilẹ̀kùn tí ènìyàn méjì lè gbà wọlé kò ní ju èékánná ọmọ tuntun lọ.

Oṣù mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, n kò fọwọ́ kan ọkọ̀. Òpó ni mo ń ṣe, àwọn òpó wẹ́wẹ́ etí ọkọ̀ tí wọ́n ń ta okùn sí kí atukọ̀ má baà já sómi. Wáyà bàbà ni a fi ń ṣe é. Kò gùn ju hóró ìrẹsì kan lọ, ó sì ní ihò méjì lára. Ọ̀gá mi á tẹ́ ọgọ́rùn-ún sórí aṣọ dúdú, á gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé tábìlì, á tan iná sí òdìkejì, á sì máa wò wọ́n bí ẹni tí ń wá iná lórí ọmọ.

"Mélòó ló dára níbẹ̀, sà?"

"Mọ́kànlélógún."

"Nínú ọgọ́rùn-ún?"

"Má banú jẹ́. Mẹ́sàn-án ni tàná."

Yóò sì gbá ìyókù sínú ìkólẹ̀ láìbojúwẹ̀yìn. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tó yá, ó gbé ọkọ̀ lé mi lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ̀ pé eré ni ti òpó. Òfin kan ṣoṣo ni ọkùnrin náà ní, kò sì gba ẹ̀bẹ̀ lórí rẹ̀: ohun tí kò bá sí nínú ìwé, kò sí lórí ọkọ̀. Mo fi garawa kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná ọkọ̀ kan rí, nítorí pé ibẹ̀ ṣófo lójú mi. Ọ̀gá mi fi ẹ̀mú yọ ọ́ bí ẹni yọ ẹ̀gún.

"Ta ló gbé garawa síbí?"

"Mo rò pé alásè yóò nílò garawa, sà."

"Ó dára kí o máa ronú. Máa rò ó lọ sílé."

Láti ọjọ́ náà, ìwé di ọba lójú mi. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé yín, nítorí ibẹ̀ ni àjálù mi gbà wọlé.

Irú ọkọ̀ tí mo wá mọ̀ dunjú ju gbogbo ẹgbẹ́ mi lọ ni àwọn ọkọ̀ apanirun kékeré kan tí ìjọba ilẹ̀ yìí kàn ní kánmọ́kánmọ́ nítorí Ogun Àgbáyé Kejì. Wọn kò kàn wọ́n láti lọ wá ìjà lójú agbami. Iṣẹ́ wọn ni láti máa sin àwọn ọkọ̀ ẹrù, kí wọ́n máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí ajá olùṣọ́ àgùntàn, kí wọ́n máa fi etí wá ọkọ̀ abẹ́ omi, kí wọ́n sì máa fi ìbọn lé ọkọ̀ òfuurufú. Orúkọ àwọn ẹgbẹ́ ọdẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí ń gun ẹṣin tí wọ́n ń fi ajá lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ni wọ́n fi sọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí dùn mọ́ mi gan-an. Ọmọ ilẹ̀ tí ọdẹ ti ń ní oríkì ni mí. Mo máa ń bi ara mi léèrè pé irú ọdẹ wo ni ó ń lọ sóko láti dáàbò bo ẹran. Àwọn ọkọ̀ náà pọ̀, wọ́n sì jọra bí ìbejì. Ṣùgbọ́n gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Kí n tó dé orí ohun tó bá mi, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ba irinṣẹ́, nítorí òun ni ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa ń bèèrè jù. Ọ̀bẹ méjì, ayùn tí eyín rẹ̀ wẹ́ bí eyín eku, ìrándà tí kò ju àtàńpàkò lọ, ẹ̀mú, àti awò tí mo ń so mọ́ iwájú orí: ìwọ̀nyí ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni kọ̀ǹpútà dé, ó gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ mi. Ní ọdún díẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan wá tó ń fi ìmọ́lẹ̀ mú oje kan dì ní ìpele ní ìpele, títí odindi ìbọn yóò fi yọ sókè láti inú àwo bí ẹni tó wẹ̀ tán. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán ni mo jókòó tì í lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń darí rẹ̀ ní, "Uncle Níyì, ẹ lè lọ ṣe nǹkan mìíràn o, it takes hours." Mo ní, "Mo mọ̀. Mo fẹ́ rí i ni." Àwọn ẹgbẹ́ mi kan bínú sí ẹ̀rọ náà, èmi kò bínú. Ó ń ṣe ọgọ́rùn-ún òpó, ọgọ́rùn-ún náà a sì dára. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún un ní àṣìṣe, àṣìṣe náà ni yóò ṣe, yóò sì ṣe é dáadáa. Ní ti èyí, èmi àti rẹ̀ jọra, gẹ́gẹ́ bí ẹ ó ti gbọ́ báyìí.

Mo ti lo ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá mi ti darúgbó, ọwọ́ mi ni gbogbo iṣẹ́ wà, nígbà tí Bàbá Ràímì wọlé tọ̀ wá lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan. Mọ́sálásí ló ti ń bọ̀, ó dé fìlà funfun, ó sì wọ kóòtù tó tó ènìyàn méjì.

"Ìwọ ni wọ́n ní o ń kan ọkọ̀ ojú omi sínú díńgí?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ káàbọ̀ o."

"Ọmọ wa ni ọ́! Mo rò pé òyìnbó ni n óò máa ṣàlàyé fún."

Ó jókòó, ó sì sọ ohun tó gbé e wá. Nígbà ogun, ó ń kó èédú síná nínú ọkọ̀ ẹrù kan tí ń gba etí òkun ìlà-oòrùn ilẹ̀ yìí wá sí Odò Tẹ́msì. Bọ́ǹbù inú omi fọ́ ọkọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ apanirun tí ń sìn wọ́n ló fi àwọ̀n okùn fà á láti inú omi gba ẹ̀yìn rẹ̀ gòkè. Orúkọ ọkọ̀ náà kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, Wàsíù tó ń ṣiṣẹ́ ní council àti Muìnátù tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, kò gbà á gbọ́. Ní ilé ìwé tí wọ́n lọ níhìn-ín, kò sẹ́ni tó kọ́ wọn pé ènìyàn dúdú kankan wà lójú omi nígbà ogun náà.

"Wọn kì í sọ ọ́ sí mi lójú," ni Bàbá wí. "Wọ́n á kàn wo ara wọn. Àlọ́ ni mò ń pa lójú wọn. Mo fẹ́ gbé ọkọ̀ yẹn kalẹ̀ sí pálọ̀ mi kí n tó lọ, kí wọ́n lè mọ̀ pé bàbá wọn kì í ṣe òpùrọ́."

Oṣù méje ni mo fi kàn án. Mo ní pláànù irú ọkọ̀ náà lọ́wọ́, ọ̀kan tó mọ́ kedere: ìbọn ńlá kan níwájú, méjì lẹ́yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀nà ẹnu méjì. N kò fo ẹyọ ìṣó kan. Nígbà tí mo gbé e dé ilé Bàbá lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, tí mo sì ṣí aṣọ lórí rẹ̀, Muìnátù pariwo pé, "Wow, Uncle, ó fine gan-an!" Inú mi dùn bí ẹni jẹ oyè.

Bàbá sún mọ́ ọn. Ó yí tábìlì po lẹ́ẹ̀kan. Ó dé ẹ̀yìn ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ìka.

"Ìbọn yìí, ta ló gbé e síbí?"

"Èwo nínú wọn, Bàbá?"

"Èyí tó wà lókè èkejì lẹ́yìn níbí. Ìbọn ńlá kan péré ló wà lẹ́yìn. Níbi tí o gbé èyí sí, ìbọn wẹ́wẹ́ ló wà níbẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n tẹ́ mi sí."

"Bàbá, bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn."

"Ìwé yẹn, ṣé ó wà nínú omi lọ́jọ́ náà?"

Wàsíù gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Daddy, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n ní the actual plans. Ó ti pẹ́ gan-an, memory máa ń play tricks."

"Ṣé ẹ wá sure pé inú ọkọ̀ yìí lẹ wà, Daddy?" ni Muìnátù bèèrè jẹ́jẹ́. "Àbí ẹnì kan ló sọ ìtàn ẹ̀ fún yín?"

Bàbá wo ojú mi. Èmi ni ẹlẹ́rìí tó fi owó ara rẹ̀ pè. Bí mo bá ti sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí n lọ tún un wò," ìbá parí síbẹ̀. Ohun tí mo sọ, tí mo sì fi ohùn amọ̀ṣẹ́ sọ, ni pé: "Bàbá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọkọ̀ mìíràn lẹ rí."

Wàsíù àti Muìnátù wo ara wọn. Bàbá rí wọn. Ó dé fìlà rẹ̀ dáadáa, ó ní, "Ẹ gbé e lọ," ó sì wọ yàrá lọ. Wọ́n ní ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó. Èmi ni mo fi ìwé já ti àgbà yìí gbà lẹ́nu, níwájú àwọn ọmọ tó bí.

Mo gbé ọkọ̀ náà padà sí abẹ́ afárá. Mo ròyìn fún ọ̀gá mi. Ó ní ìwé ni ìwé ń jẹ́. Mo gbà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kò jẹ́ kí n simi. Kì í ṣe àánú nìkan. Ìyanu ni. Ẹni tó bá ń purọ́ yóò pa irọ́ ńlá. Yóò sọ pé òun pàdé balógun, pé wọ́n fún òun ní àmì-ẹ̀yẹ. Ta ni yóò jókòó nílé tí yóò máa hùmọ̀ ìbọn tí kò sí?

Bí ìbọn kan bá dín lóòótọ́, bóyá ọkọ̀ kò lè ru ú ni; mo bá gbẹ́ ìdí mìíràn fún ọkọ̀ náà láti inú igi fúyẹ́, mo gbẹ́ inú rẹ̀ jìn. Àwọn ìwé wa sọ bí ohun kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo tó nínú ọkọ̀ gidi. Mo gé òjé ní ìwọ̀n kékeré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: òjé ti ẹ̀rọ, òjé ti ṣímínì, òjé ti ìbọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo tò wọ́n síbi tí pláànù ní kí wọ́n wà, mo bu omi sínú ọpọ́n onírin tí a fi ń rẹ igi, mo sì gbé ọkọ̀ lé e. Mo fi ìka kan tì í. Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kò sì dìde mọ́. Ó wà bẹ́ẹ̀ bí ọ̀mùtí tó fara ti ògiri.

Mo gbọ́ ohùn ọ̀gá mi lẹ́yìn mi. "Níyì, kí ni ọkọ̀ ń ṣe nínú omi?"

"Mo ń wádìí nǹkan, sà."

"A kì í fi omi kan iṣẹ́ wa."

"Èyí kì í ṣe iṣẹ́, sà. Ìbéèrè ni."

Ó wo inú ọpọ́n. Lẹ́yìn náà, ó ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ó kúnlẹ̀ tì mí, orúnkún rẹ̀ ń ró bí igi gbígbẹ.

"Yọ òjé ìbọn kẹta."

Mo yọ ọ́. Mo tún fi ìka tì í. Ó fẹ̀gbẹ́, ó rò ó wò, ó dìde.

"Fi òjé sí ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀."

Mo fi sí i. Mo tì í. Ó mì lẹ́ẹ̀mejì, ó sì nàró ṣánṣán. Ọkọ̀ ojú irin ń kọjá lókè wa, omi inú ọpọ́n ń gbọ̀n, kò sẹ́ni tó kúrò lórí ìkúnlẹ̀.

"Àwòrán tí o lò," ni ọ̀gá mi wí, "ṣé àwòrán ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe ni, àbí àwòrán ohun tí wọ́n ṣe?"

Ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ́nu iṣẹ́, n kò bi ìwé náà ní ìbéèrè yẹn rí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi wá pláànù kejì, èyí tí wọ́n yà lẹ́yìn tí wọ́n kan ọkọ̀ tán, kí a tó rí i níbi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé ọkọ̀ àtijọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Àwọn tó ṣírò ìwọ̀n irú ọkọ̀ náà ṣì í ṣírò. Ìgbà tí wọ́n gbé àkọ́kọ́ lé omi, tí wọ́n ń ti ẹrù kiri lórí rẹ̀ láti dán ìdúró rẹ̀ wò, ni wọ́n tó mọ̀ pé orí rẹ̀ wúwo ju ìdí rẹ̀ lọ. Ogun ti dé, kò sí àyè àti tún un kàn. Wọ́n yọ ìbọn ńlá kan kúrò nínú méjì ẹ̀yìn, wọ́n gbé ìbọn wẹ́wẹ́ síbẹ̀, wọ́n sì to irin sí ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀. Àwọn àbúrò rẹ̀ tí wọ́n kàn nígbà tó yá ni wọ́n mú fẹ̀ sí i, àwọn yẹn ló wá lè ru ìbọn mẹ́ta. Ọkọ̀ Bàbá Ràímì wà nínú àwọn ẹ̀gbọ́n. Ìwé tí mo fi sọ àgbà di òpùrọ́, ìwé àṣìṣe ni.

Ọ̀gá mi ka pláànù náà lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ọkùnrin yẹn rí i jù wá lọ," ni ó wí, "bẹ́ẹ̀ ó ń mu omi òkun lọ́wọ́."

Mo tú ẹ̀yìn ọkọ̀ náà palẹ̀, mo tún un kàn. Nígbà tó parí, mo pe Wàsíù lórí fóònù.

"Uncle, Daddy ò fẹ́ gbọ́ nípa ọkọ̀ yẹn mọ́ o. Kò tiẹ̀ sọ̀rọ̀ ogun mọ́ rárá."

"Mo mọ̀. Kí ìwọ àti Muìnátù ṣáà wà nílé ní Sunday."

Bí mo ṣe wọlé, n kò gbé ọkọ̀ kalẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí kápẹ́ẹ̀tì níwájú Bàbá, kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè rí mi. Mo ní, "Bàbá, èmi ni mo ṣì í. Ohun tí ẹ sọ ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹ dárí jì mí." Mo wá tẹ́ pláànù méjèèjì sílẹ̀ fún Wàsíù àti Muìnátù, mo fi ibi tí ìbọn wà àti ibi tí wọ́n ti yọ ọ́ hàn wọ́n, mo sì sọ pé kò sí ìwé ilé ìwé kankan tí ènìyàn ti lè rí èyí kọ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ó ní láti jẹ́ pé ó dúbúlẹ̀ síbẹ̀.

Wàsíù wo ìwé kan, ó wo èkejì. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì títí ojú rẹ̀ fi bá ojú ọkọ̀ náà dọ́gba. Bàbá na ìka, ó fi kan ara díńgí ní ọ̀gangan ìbọn wẹ́wẹ́.

"Daddy," ni Wàsíù wí, kò gbé ojú kúrò lára ọkọ̀, "nígbà tẹ́ ẹ wà nínú omi yẹn, kí lẹ ń rò?"

"Bàtà."

"Bàtà kẹ̀?"

"Bàtà tuntun ni. N kò tíì wọ̀ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Ó ń fà mí lọ sísàlẹ̀, mo sì ń rò ó pé ẹsẹ̀ wo ni kí n kọ́kọ́ bọ́, kí ó má baà sọnù."

Muìnátù bú sẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, omi náà kò sì dá nígbà tí ẹ̀rín dá. Ó fa àga sún mọ́ bàbá rẹ̀. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, Daddy. Ẹ má fo nǹkan kan o."

Mo ti ń ká pláànù, mo ń wá kóòtù mi. Ọkọ̀ náà ti pé, iṣẹ́ mi ti parí, bí mo ṣe rò nìyẹn.

"Níyì, níbo lò ń lọ?" ni Bàbá wí. "O bi mí ní àwọ̀ ọ̀dà, o bi mí ní ìtẹ̀sí ṣímínì. O kò bi mí pé ta ló fà mí jáde."

Òtítọ́ ni. Mo kan ọkọ̀ náà láti ìdí dé ṣóńṣó, mo tún tú ẹ̀yìn rẹ̀ kàn, n kò sì bèèrè. Mo gbé kóòtù náà kọ́ padà, mo jókòó.